Ó Ti Kú Pẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀rẹ́ Mi Oní-Kúpé

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ẹ kú iṣẹ́. Mo kí ìyàwó wa kú ìfaradà. Mo kí Kúpé náà: ó kú ìdùbúlẹ̀, ó kú òtútù orí búlọ́ọ̀kù.

Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń bí ẹ nínú. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ẹ pé kí o wá nǹkan mìíràn pe ọkọ̀ yìí, torí etí Yorùbá kò lè gbọ́ "Coupé" bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. "Ó ti kú pẹ́" ni tiwa máa ń gbọ́. Ohun tí àwọn ọmọ àdúgbò rẹ náà gbọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo wá sí Iléṣà ní Sátidé tó kọjá, mo ṣì ilé, torí o ti fi ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lára mọ́tò kun géètì yín. Mo bá béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke bọ̀ láti ọjà Atákúnmọ́sà. Ó wò mí, ó ní, "Ilé Bàbá Kú-Pẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ni?

Mo lè pè ẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o kì í gbé e mọ́ tí o bá ti rí orúkọ mi, torí o mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi: ṣé ó ti sítáàtì? Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ wa sí gbangba, kí gbogbo ẹni tó yá ẹ ní sípánà láti Òkè-Fìà ní Òṣogbo dé Ìmọ̀ ní Iléṣà lè mọ ibi tí ẹrù wọn wà.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ni o bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù kẹjọ. Àwa ní Òṣogbo ń gbọ́ ìlù, àlejò ń wọ́ wá láti Bràsíìlì, arugbá ń gbé igbá lọ sódò. Ìwọ ní Iléṣà ń fi ṣéènì fa ẹ́ńjìnnì sókè lábẹ́ igi máńgòrò. Arugbá dé odò, ó padà sílé. Kérésìmesì dé, ó lọ. Ọyẹ́ fẹ́ títí ó fi la ètè wa. Ẹ́ńjìnnì rẹ kò kúrò lójú kan.

Kí ni o sì ní o fẹ́ ṣe? Ìjókòó ẹ́ńjìnnì lásán ni o fẹ́ pààrọ̀. O ní rọ́bà ọ̀kan nínú wọn ti fọ́, pé bí ọkọ̀ bá dúró, ọ̀pá gíá á máa gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó. Òótọ́ ni, mo jókòó síbẹ̀, mo rí i. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n o ní níwọ̀n bí o ti gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí o kúkú yọ rẹdíétọ̀. Níwọ̀n bí o ti yọ rẹdíétọ̀, kí o kúkú wo póńpù omi. Níwọ̀n bí póńpù omi ti wà nílẹ̀, kí o kúkú ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà. Níwọ̀n bí tọ́ọ̀pù ti ṣí, ṣé ó yẹ kí inú bónẹ́ẹ̀tì wà ní rírẹ̀dòdò báyìí? Ó yẹ kí o kùn ún! Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe sípánà ló tú ọkọ̀ yẹn. "Níwọ̀n bí" ló tú u.

Kí n tó bú ẹ dáadáa, jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tí a ń wí fún àwọn tó ń ka lẹ́tà wa, kí wọ́n má bàa rò pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni. Àgbàlagbà Yorùbá wo ni kò mọ Píjó 504? Nígbà kan, òun ni ọkọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ sójà, ọkọ̀ onímọ́tò tó ń kígbe "Ìbàdàn, ẹnì kan ló kù!" nígbà tí ẹni márùn-ún kù. 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ilẹ̀ Faransé sì ti jáwọ́ lára rẹ̀ tipẹ́ kí tiwa tó jáwọ́. Ṣùgbọ́n 504 yẹn ní àbúrò kan tó jẹ́ arẹwà. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Iléeṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya ara rẹ̀ tí wọ́n sì kàn án; ó jáde ní 1969, wọ́n sì dá a dúró ní 1983. Kàdúná kò to irú rẹ̀ rí. Èyí tí bàbá rẹ rà lọ́wọ́ òyìnbó oníṣẹ́ ọ̀nà tó ń padà sílé nìyí, tí gbogbo Iléṣà fi ń yọjú lójú fèrèsé bí ó bá ń kọjá. Èmi náà yọjú. Mo wọ ṣòkòtò péńpé nígbà náà, mo rò pé ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n gé ìyẹ́ rẹ̀.

Bí o bá sì ti mu ìgò Trophy kejì tán, ọ̀rọ̀ Safari ló kù. "Ní 1978, ọkọ̀ yìí ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, Jean-Pierre Nicolas ló wà á!" A ti gbọ́. Òótọ́ ni. Ohun tí o kì í sọ ni pé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ti Nicolas, mẹ́rin ló sì wà nínú tìrẹ. Bí o bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin yangàn, 1975 ni kí o mú, nígbà tí Ove Andersson, ọmọ Sweden, fi 504 gba Safari kan náà. Àmọ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin ni ti Andersson, ọmọ ìyá èyí tó ń gbé èrò àti ewúrẹ́ láti Old Garage. Ìdí nìyẹn tí o kì í fi dárúkọ rẹ̀. Ojú ń tì ẹ́ láti bá onímọ́tò pín baba.

Ọjọ́ méjì ni o fi tú u. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn èèyàn: ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kejì ni o pè mí pẹ̀lú ohùn aṣẹ́gun, pé mẹkáníìkì kan kò mọ nǹkan kan, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba owó wa kò le rárá. Mo ní gbogbo bóòtù ńkọ́? O ní o ti kó gbogbo wọn sínú kẹ́ẹ̀gì kan, o ti da kẹrosíìnì lé wọn lórí kí wọ́n lè mọ́. Gbogbo wọn. Ti póńpù omi, ti kabúrétọ̀, ti sàlẹ́ńsà, ti ìjókòó ẹ́ńjìnnì, nínú kẹ́ẹ̀gì kan, bí ẹni fẹ́ se àdàlú.

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti wo ọmọ iṣẹ́ rí ní mẹkáníìkì fílééjì? Èyí tó kéré jù níbẹ̀, tí wọ́n ṣì ń rán lọ ra bọ́lì, bí ó bá yọ póńpù omi, yóò mú bóòtù kọ̀ọ̀kan, yóò dá a padà sójú ihò tó ti jáde, yóò fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní ìwé, kò ní fóònù, kò sì ní ṣì í. Torí bóòtù póńpù omi kì í dọ́gba ní gígùn. Bí o bá ki èyí tó gùn bọ ihò tó kúrú, yóò dé ìdí kí orí rẹ̀ tó fẹnu ko ara póńpù. Bí o bá wá fi agbára Ìjẹ̀ṣà fún un, gbàgà, ara irin funfun yẹn á là. Ìwọ mọ ohùn gbàgà yẹn. O san owó rẹ̀ fún tórínà ní Òṣogbo, o sì sọ fún ìyàwó wa pé owó ìwé ọmọ ni.

O ní o ya fọ́tò. Lóòótọ́, o fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá ẹ wò ó. Igba fọ́tò ó lé mẹ́rìnlá. Mo jókòó, mo kà wọ́n. Méjìdínláàádọ́ta nínú wọn jẹ́ àtàǹpàkò rẹ. Mọ́kànlá jẹ́ bàtà rẹ. Ọ̀kan jẹ́ abọ́ ẹ̀bà, ó mọ́ gan-an, kò mì rárá. Èyí tó yẹ kó fi bí wáyà púlọ́ọ̀gì ṣe tò hàn wá ní èéfín sìgá níwájú rẹ̀. Ta ló ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì? Mi ò ní dárúkọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Níbí ni mo ti ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, torí ọmọ Òṣogbo ni mí, ìlú aró ni wọ́n ń pè wá. Mo dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró. Ìyá mi àgbà a máa ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ: yóò fi láfún se ẹ̀kọ, yóò mú ìyẹ́ adìyẹ, yóò fi máa fa ìlà sára aṣọ funfun, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni ń kọ tírà. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀. Tí wọ́n bá rẹ aṣọ náà tán tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, ibi tí aró kò dé gan-an ni èèyàn ń sanwó fún. Ìdajì iṣẹ́ aláró ni mímọ ibi tí kò yẹ kí aró dé.

Ìwọ rẹ gbogbo rẹ̀. O ra ọ̀dà dúdú tó ń dán, o gba ẹ̀rọ sípíréè lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà, o fọ́n ọn sí inú bónẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O kun ẹsẹ̀ bátìrì. O kun ojú ihò bóòtù, tó fi jẹ́ pé o ní láti fi ìṣó họ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. O kun àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Ọjọ́ tí VIO bá dá ẹ dúró tó ní kí o ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wàá sọ fún un pé ọkọ̀ rẹ kò ní orúkọ, àmọ́ ó ń dán. O sì kun ibi tí wáyà áàsì ti ń so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn síbẹ̀ ná. A ń padà bọ̀ wá bá a.

N kò sọ pé kò dára o. Nígbà tí mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sátidé, mo rí irun imú ara mi nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe, ó dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 45, bí àgbà tó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Rọ́bà omi dúdú kirikiri, kílíìpù ń kọ mànà. Mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. O rí mi. O sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí o tó yí kọ́kọ́rọ́.

Kí o má bàa rò pé mo mọ́ ju gbogbo yín lọ, jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi kí a tó dé ibẹ̀. Ní 1994 mo ní 504 kan, ìwọ náà wọ̀ ọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù rẹ̀ bàjẹ́. Mẹkáníìkì ṣí tọ́ọ̀pù náà, ó ní kí n dúró tì í, òun fẹ́ lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó lọ. Mo wo inú rẹ̀, mo rí orí písítìnnì mẹ́rin tó jókòó sínú ihò wọn bí ọmọ ayò. Ó wù mí kí n rí bí wọ́n ṣe ń jó. Mo mú sípánà, mo fi yí ẹ́ńjìnnì. Méjì gòkè, méjì sọ̀kalẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, mo tún un yí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ihò písítìnnì nínú Píjó yìí kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Sílíìfù ni wọ́n, bí ife onírin tí wọ́n gbé sínú omi, gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ ló dí ìdí wọn, tọ́ọ̀pù tó wà lórí ló sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù kò bá sí níbẹ̀ tí o sì yí ẹ́ńjìnnì, písítìnnì tó ń gòkè á fa sílíìfù dání, ìdí rẹ̀ á sì yẹ̀. Èèyàn tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi irin àti bóòtù há wọn mọ́lẹ̀. Mo gbé ẹnu dákẹ́, mẹkáníìkì dé, ó dè é pa, mo sanwó. Kí n tó dé Ìkìrun, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ti di tíì oníwàrà. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé mẹkáníìkì yẹn kò mọṣẹ́. Òní ni mo kọ́kọ́ sọ òtítọ́, nínú lẹ́tà tí mo fi ń bú ẹlòmíràn.

Ó yá, Sátidé.

Ọkùnrin mẹ́fà ló dúró, ọmọdé kò níye, ewúrẹ́ méjì. Ìyàwó wa dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo bàsíà rẹ̀ tí o fi fọ kabúrétọ̀. Ó ti sọ fún mi kí n tó wọlé: "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ ọ̀rẹ́ yín. Bí mo bá tún rí bóòtù nínú ẹ̀wà, mò ń lọ sílé wa." O yí kọ́kọ́rọ́. Kò dún. O tún un yí. "Tá" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. O ní bátìrì ni. Wọ́n lọ yọ bátìrì ọkọ̀ aládùúgbò wá. Tá. Wọ́n lọ gba ti bọ́ọ̀sì ìjọ. Tá. O ti ń wí pé ọjà Géètì ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ta kíkì tí kò dára fún ẹ, o sì ti ń ṣépè fún gbogbo Géètì pátá, nígbà tí mo mú kébù kan, mo fi so orí bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tààrà, níbi tí ọ̀dà ti bó. Kíkì gbá a yí bí ẹni ta òkòtó.

Ọ̀dà ni, ọ̀rẹ́ mi. Iná tó jáde láti bátìrì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gba ara irin padà sílé. Ìwọ fi ọ̀dà aláràbarà dí ọ̀nà náà pa. Ibi tó yẹ kí ẹ̀kọ bò nìyẹn. O mú ọ̀bẹ ìyàwó wa, o fi ha á, omi ń jáde lójú rẹ bí ẹni ń ha ojú ọmọ rẹ̀.

O yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Báyìí ó ń yí dáadáa, kò sì gbà. Gbogbo wa ń mi orí. O tẹ fílọ̀ò, o tún yí i, o yọrí wo ẹnu kabúrétọ̀ láti rí i bóyá epo ń wọlé.

Gbàù!

Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa ìpéǹpéjú rẹ. Yóò hù. Àwọn ewúrẹ́ náà ti padà wálé. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan, èyí tó gun ọ̀kadà gbé rọ́bà omi wá fún ẹ láti Òṣogbo, tí o ní kó dúró sẹ́yìn kó má fọwọ́ ba ọ̀dà jẹ́. Kò lè ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Nígbà tí gbogbo wa ń pariwo "kabúrétọ̀ ni", "epo ni", "ayé ni", ó rọra sún mọ́ ẹ, ó kúnlẹ̀ kan ilẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èwo lẹ pè ní nọ́ńbà wáànù?"

O fi ìka rẹ han èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹdíétọ̀. Níbo ni kí nọ́ńbà wáànù tún wà? Iwájú ni èèyàn ti ń ka nǹkan.

Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá wa ní ẹ̀yìn ni Píjó ti ń ka ọmọ tiẹ̀, sà. Láti ẹ̀gbẹ́ gíá."

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti lo Píjó mẹ́ta láyé mi, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí fláíwíìlì wà ni sílíńdà kìíní wọn wà. Èyí tó sì dùn jù nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni pé o to wáyà dáadáa! Kíní, kẹta, kẹrin, kejì: bó ṣe yẹ kí iná tẹ̀ lé ara wọn gan-an nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin tí a kò rí àbùkù. Bí o bá ka sílíńdà mẹ́rin yẹn láti iwájú dípò ẹ̀yìn, títẹ̀lé kò yí padà, ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ló yí. Gbogbo iná wá ń dé nígbà tí èéfín ń jáde tán tí fáàfù tó ń gba epo wọlé sì ń ṣílẹ̀kùn. Iná bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ó bá ibẹ̀ jáde wá kí ẹ lójú. Ọmọ náà fa wáyà mẹ́rin yọ, ó fi ti kíní síbi ti kẹrin, ti kejì síbi ti kẹta, ó pààrọ̀ wọn bí ẹni pààrọ̀ àga fún àlejò. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọ̀dà rẹ rárá.

Ó gbà. Ẹ wo ariwo! Mo rí i pé o ṣí fìlà, o sì kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. Mi ò bú ẹ nítorí ìyẹn. Ohùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà ṣòkòtò péńpé. Bàbá rẹ ló ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìbòkun.

Nígbà náà ni mo wo inú ọkọ̀, tí mo rí ọ̀pá gíá. Ó ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ pé ìjókòó ẹ́ńjìnnì tuntun tí o rà ńkọ́. O wò mí. Mo wò ẹ́. Ìyàwó wa wọlé láìsọ̀rọ̀, ó gbé e jáde láti ojú fèrèsé pálọ̀, nínú nílọ́nù rẹ̀, tí wọ́n fi tẹ kátínnì mọ́lẹ̀ láti oṣù kẹjọ.

Bóòtù mọ́kànlá sì tún wà nínú agolo Bournvita. O ní àwọn Faransé máa ń fi bóòtù kún un ni. Ó dáa.

Nǹkan kan ló kù, òun gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé. Mo gbé ọmọ iṣẹ́ yẹn padà sí Òṣogbo nínú ọkọ̀ mi, mo sì bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, bàbá arúgbó mẹkáníìkì yẹn ni. Èyí tí ẹ ń pè ní olè nílé yín láti 1986.

Mo mọ ìtàn náà bó o ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí Kúpé yìí dé Nàìjíríà, kò ní kabúrétọ̀. Póńpù Kugelfischer ló wà lára rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Jámánì, irú èyí tí BMW náà lò fún 2002 tii. Ó ń wọn epo fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan bí ìyálé ṣe ń pín ẹran, kò sí èyí tó ń gbà ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tó dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní gbogbo agbègbè yìí. Bàbá náà yọ ọ́, ó fi kabúrétọ̀ 504 lásán sí i, ọkọ̀ ń lọ. Ẹ̀yin ní ó jí póńpù tà. Ìdí nìyẹn tí o kò fi lọ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí o fi ń ka àtàǹpàkò ara rẹ nínú fóònù, nígbà tí ẹni tó mọ gbogbo bóòtù ọkọ̀ yẹn lórúkọ wà ní ìrìn wákàtí kan sí ẹ.

Mo yà kí i. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe Kúpé, ó rẹ́rìn-ín. Ó rán ọmọ náà wọ inú ìsọ̀. Ọmọ náà gbé nǹkan kan jáde, tí wọ́n fi gíríìsì pa, tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n fi nílọ́nù dì, tí wọ́n tún gbé sínú àpò símẹ́ńtì. Póńpù bàbá rẹ ni. Kò dóògún. Ó ní òun ti rò pé òyìnbó kan á wá lọ́jọ́ kan tó máa mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ní kí ló dé tí ẹ kò dá a padà. Ó ní bàbá yín kò san owó iṣẹ́ tán. Ọgọ́ta náírà ló kù.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà! Ẹ̀yin tí baba ńlá yín lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gba owó aṣọ, òṣómàáló, ọmọ Òṣogbo ló ń dúró dè yín láti ogójì ọdún sẹ́yìn, kò tilẹ̀ lóṣòó. Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, wàá ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn tó tẹ Òṣogbo dó ti wá, pé ẹ̀yin lẹ bí wa. Kò burú. Bí ẹ bá bí wa, ẹ san gbèsè ọmọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ́ńjìnnì rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, kò sì yà sọ́dọ̀ yín.

Mo ti bá ẹ mú ọjọ́: Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, níbi ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́ ọkọ̀ náà wá, má wà á, bóòtù kílíìpù rọ́bà ìsàlẹ̀ wà lára mọ́kànlá yẹn. Mú agolo Bournvita dání, àti ìjókòó ẹ́ńjìnnì nínú nílọ́nù rẹ̀. Má mú ọ̀dà. Mo bi bàbá nípa èlé, ó ní òun kò gba èlé. Ọgọ́ta náírà òun péré ni òun fẹ́, àmọ́ kó jẹ́ náírà 1986.

Èmi ni tìrẹ,
Bàbá Ìbejì,
Òṣogbo.